Ìyá Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Dì Mú: Bí Àdúgbò Ṣe Lè Dúró Ti Ẹbí Tí Oògùn Olóró Wọ Ilé Wọn

Iṣẹ́ agbẹ̀bí ni mo ṣe kí n tó fẹ̀yìn tì, iṣẹ́ náà ló sì jẹ́ kí n mọ àwọn ìyá tí mò ń sọ̀rọ̀ wọn yìí. Àwọn kan wá bímọ lọ́dọ̀ mi nígbà tí oògùn ṣì wà lára wọn. Ti àwọn mìíràn, èmi ni mo gbẹ̀bí ọmọ wọn, ọmọ náà dàgbà tán, oògùn gbé e lọ, ìyá rẹ̀ sì wá jókòó tì mí. Nísinsìnyí tí mi ò sí lẹ́nu iṣẹ́ mọ́, àwọn ni mò ń bá jókòó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ohun tí mo rí lọ́dọ̀ wọn ni mo fẹ́ kọ sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ṣe irú rẹ̀ ní àdúgbò tirẹ̀.

Ìbéèrè tí wọ́n máa ń kọ́kọ́ bi mí ni pé, "Màmá, kí la máa ṣe kí ọmọ yìí lè fi nǹkan yìí sílẹ̀?" Màá dáhùn rẹ̀ tó bá yá, àmọ́ kì í ṣe ibẹ̀ ni mo ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí a bá ní ká dúró dìgbà tí ẹni tó ń lo oògùn máa gbà pé òun fẹ́ ìrànlọ́wọ́, oṣù lè gorí oṣù, ó sì lè di ọdún. Títí dìgbà yẹn, ìyá ò rí oorun sùn, àwọn àbúrò ò fọkàn sí ìwé mọ́, owó ilé ń lọ, bàbá ń bínú, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ò kí ara wọn mọ́. Ìrànlọ́wọ́ lè wọ ilé yẹn lónìí, kí ẹni tó ń lo oògùn tó gbà rárá. Orí èyí ni gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ dúró lé.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹ máa wọlé

Ìtìjú ló ń ti ilẹ̀kùn ilé bẹ́ẹ̀. Ìyá tí ọmọ rẹ̀ ń lo oògùn kì í jáde wá sọ ọ́. Ẹ ó kàn rí i pé kò wá síbi tó máa ń wá mọ́, pé ó ń sọ pé ọmọ òun rìnrìn àjò, pé ó ń yá owó lọ́wọ́ ẹni tí kò jẹ́ yá owó lọ́wọ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Bí ẹ bá fura, ẹ má sọ ọ̀rọ̀ náà di àsọkiri. Ẹnì kan ṣoṣo ni kó lọ, ẹni tí ìyá náà fọkàn tán, kó sì lọ nígbà tí èrò ò sí nílé.

Ẹ má fi oògùn bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Òun fúnra rẹ̀ ni kí ẹ bi léèrè: "Ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta tí mo ti rí yín, ọkàn mi ò sì balẹ̀. Ṣé ẹ ń rí oorun sùn?" Lẹ́yìn náà, ẹ dákẹ́. Bó bá sunkún, ẹ jẹ́ kó sunkún, ẹ má sáré rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Bó bá ní kò sí nǹkan kan, ẹ gbà bẹ́ẹ̀, ẹ bá a dá sí iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́wọ́, kí ẹ sì padà lọ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọ̀rọ̀ kì í sábà jáde ní àbẹ̀wò àkọ́kọ́. Ó ń wò ó bóyá ẹ máa padà wá ni.

Àwọn ọ̀rọ̀ kan wà tí kò gbọ́dọ̀ ti ẹnu yín jáde. "Níbo lẹ wà nígbà tó bẹ̀rẹ̀?" "Ẹ̀yin lẹ kẹ́ ẹ bàjẹ́." "Ọmọ tèmi ò tó bẹ́ẹ̀." Àti èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ìtùnú ni: "Kò séwu, gbogbo rẹ̀ máa dópin." Ẹ ò mọ̀ bóyá ó máa dópin, ìyá náà sì mọ̀ pé ẹ ò mọ̀. Ohun tí mo máa ń sọ kò pọ̀: ẹ̀yin kọ́ lẹ fà á, kò sí ní ìkáwọ́ yín láti darí rẹ̀, ẹ̀yin kọ́ lẹ sì máa wò ó sàn. Ẹgbẹ́ Al-Anon, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1951 fún ìdílé àwọn tí ọtí ti di bárakú fún, ló ń fi gbólóhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí kọ́ ẹbí. Mo ti sọ ọ́ fún àwọn ìyá tí wọ́n ti ń dá ara wọn lẹ́bi láti ọdún pípẹ́. Èyí àkọ́kọ́ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló máa ń ṣòro fún wọn jù láti gbà gbọ́, nítorí náà mi ò sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan kí n dákẹ́. Mò ń tún un sọ.

Ẹ má sì sọ pé, "Bí ẹ bá fẹ́ nǹkan, ẹ ránṣẹ́ sí mi." Ẹni tí wàhálà bò mọ́lẹ̀ kì í mọ ohun tó fẹ́, bó bá sì mọ̀ ọ́n, ojú máa ń tì í láti béèrè. Ẹ dárúkọ nǹkan kan pàtó. "Lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀, èmi ni màá mú àwọn ọmọ kékeré lọ sílé ìwé, ẹ̀yin ẹ sùn." "Màá bá yín fọ àwọn aṣọ yìí." "Màá tẹ̀ lé yín lọ rí dókítà, màá mú ìwé àti bírò dání." Bí ẹ bá bi mí, èyí tó gbẹ̀yìn yìí ló ṣe pàtàkì jù. Ìyá tí ẹ̀rù ń bà kì í gbọ́ ju ìdajì ohun tí wọ́n bá sọ fún un nílé ìwòsàn. Ẹ bá a kọ orúkọ oògùn tí wọ́n fún un, ìwọ̀n tó máa lò, ọjọ́ tó máa padà wá, àti nọ́ńbà tó lè pè bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ lóru. Kí ẹ tó kúrò lọ́dọ̀ dókítà, ẹ ka ohun tí ẹ kọ padà sí i létí.

Bí ẹ ṣe máa dá ìpàdé sílẹ̀

Ìyá mẹ́ta tàbí mẹ́rin ti tó láti bẹ̀rẹ̀. Ẹ yan ọjọ́ kan, wákàtí kan, àti yàrá kan tó ní ilẹ̀kùn tó ṣeé tì, kó má sì jẹ́ ilé ẹnikẹ́ni nínú wọn. Ẹ má kọ ohunkóhun nípa oògùn sí ẹnu ọ̀nà. Ẹ má fagi lé ìpàdé láé, kódà bó bá jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo ló wá, torí ẹni yẹn lè jẹ́ ẹni tó pinnu ní alẹ́ àná pé òun ò lè dá ẹrù náà gbé mọ́. Kí ẹnì kan máa tọ́jú àwọn ọmọ ní yàrá kejì. Níbi tí kò bá ti sí ẹni tó ń mú ọmọ dání, àwọn ìyá tí ọmọ wọn ṣì kéré ò ní wá, àwọn ló sì nílò rẹ̀ jù.

Òfin wa ò pọ̀. Ohun tí a bá gbọ́ níbẹ̀, ibẹ̀ ló ń kú sí. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ni mo ti máa ń sọ ibi tí òfin yẹn dópin sí: bí ẹ̀mí ẹnikẹ́ni bá wà nínú ewu, tàbí tí wọ́n ń fìyà jẹ ọmọ kékeré, a máa wá ìrànlọ́wọ́ síta, ìyá náà ló sì máa kọ́kọ́ gbọ́ pé a fẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀. Òfin kejì ni pé kò sẹ́ni tó ń gbani nímọ̀ràn àfi bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ bá béèrè. Òfin yìí ṣòro fún àwa àgbàlagbà, torí ìmọ̀ràn ló máa ń kọ́kọ́ bọ́ sí wa lẹ́nu. Ẹ̀kẹta, kò sẹ́ni tó ń fi ẹ̀sìn tirẹ̀ dá ẹlòmíràn lẹ́bi. Ẹ̀kẹrin, a kì í yá ara wa lówó, a kì í sì tajà fún ara wa níbẹ̀. Mo di èyí mú gírígírí, nítorí pé gbèsè ti wà nílé gbogbo wọn tẹ́lẹ̀, ìyá tó bá sì ti jẹ ẹlòmíràn nínú ẹgbẹ́ lówó ò ní wá mọ́.

Wọ́n máa ń bi mí bóyá àwọn ìyá tí ọmọ wọn ń lo oògùn lè jókòó pọ̀ pẹ̀lú àwọn ìyá tó jẹ́ pé àwọn fúnra wọn ló ń lò ó. Níbẹ̀rẹ̀, mi ò fara mọ́ ọn. Ìbínú ìyá tí ọmọ rẹ̀ ta gbogbo ẹrù ilé lè bọ́ sórí ọmọbìnrin tó ń gbìyànjú láti dìde. Ẹ jẹ́ kí oníkálukú ní ìjókòó tirẹ̀. Bó bá pẹ́, tí ìhà méjèèjì bá fẹ́ ẹ, ẹ lè pè wọ́n pọ̀. Mo ti rí i tí ọmọbìnrin kan ṣàlàyé fún ìyá àgbà kan bó ṣe ń rí lára nígbà tí ara bá ń béèrè oògùn. Ìyá àgbà yẹn ò tíì gbọ́ ọ rí lẹ́nu ọmọ tirẹ̀.

Àwọn bàbá kì í tètè wá. Ẹ fún wọn níṣẹ́ ṣe, kí wọ́n gbé àwọn ìyá lọ sílé ìwòsàn, kí wọ́n bá wọn tún ilẹ̀kùn tó bàjẹ́ ṣe. Ẹnu iṣẹ́ ni ọ̀rọ̀ ti máa ń jáde lẹ́nu wọn.

Níbi tí kò bá sí irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ nítòsí, ẹgbẹ́ Nar-Anon wà fún ẹbí àwọn tó ń lo oògùn, Narcotics Anonymous tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1953 sì wà fún àwọn tó ń lò ó gan-an. Wọn kì í gba owó ìwọlé, wọ́n sì ń ṣe ìpàdé lórí íntánẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú.

Owó, irọ́, àti bí a ṣe ń bá a sọ̀rọ̀

Ọmọ ẹni kì í burú títí ká fi fún ẹkùn pa jẹ. Ìdí nìyẹn tí "Ẹ lé e jáde" kì í fi í wọ ìyá létí, mi ò sì bá àwọn tó ń sọ ọ́ dá sí i. Ohun tí mo máa ń ní kí ìyá ṣe ni pé kó ya ohun tó ń gbé ọmọ ró sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tó ń gbé oògùn ró. Oúnjẹ, omi ìwẹ̀, aṣọ mímọ́, owó ọkọ̀ sílé ìwòsàn tí ìyá fúnra rẹ̀ san fún awakọ̀, ọmọ ni wọ́n ń gbé ró. Owó tó fi lé e lọ́wọ́, gbèsè tó bá a san fún ẹni tó ń ta oògùn, irọ́ tó bá a pa fún ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́, oògùn ni wọ́n ń gbé ró. Bí ìyá bá tún san gbèsè náà nítorí pé wọ́n halẹ̀ mọ́ wọn, ẹ má bá a wí. Ẹ bá a wá ẹni tó mọ òfin tó lè gbà wọ́n nímọ̀ràn.

Ní ti bí a ṣe ń mú kó gba ìtọ́jú, ọ̀nà kan wà tí Robert Meyers àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé kalẹ̀ ní Amẹ́ríkà, CRAFT ni wọ́n ń pè é. Ẹbí ni wọ́n ń kọ́, kì í ṣe ẹni tó ń lo oògùn. Nínú àwọn ìwádìí tí wọ́n ṣe lórí rẹ̀, nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn tó ti kọ ìtọ́jú tẹ́lẹ̀ ló gbà láti lọ lẹ́yìn tí ẹbí wọn yí ọwọ́ tí wọ́n fi ń mú wọn padà. Ohun tí wọ́n ń kọ́ wọn ò díjú. Ìgbà tí ojú rẹ̀ bá mọ́lẹ̀ ni kí ẹ bá a sọ̀rọ̀, ẹ má ṣe é nígbà tí oògùn ṣì ń ṣiṣẹ́ lára rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni kí ẹ mú wá, kó má gùn, kó sì jẹ́ ohun tó ń ṣe ẹ̀yin, kì í ṣe orúkọ tí ẹ ń pè é. "Ẹ̀rù bà mí lálẹ́ àná nígbà tí o ò wọlé" yàtọ̀ sí "Ìwọ aláìnítìjú yìí." Lọ́jọ́ tí kò bá lo nǹkan kan, ẹ jẹ́ kó rí i pé inú yín dùn: ẹ bá a jẹun, ẹ bá a ṣeré. Lọ́jọ́ tó bá lò ó, ẹ rọra kúrò níwájú rẹ̀, ẹ má sì bá a palẹ̀ ohun tó bàjẹ́ mọ́.

A máa ń fi í dánra wò nínú ìpàdé. Ìyá kan á ṣe bí ọmọ rẹ̀, á máa fèsì bí ọmọ náà ṣe máa ń fèsì gan-an, ẹlòmíràn á wá ṣe ìyá. A ó tún un ṣe títí gbólóhùn náà fi máa kúrú, tí ohùn ò sì ní ga mọ́. Bí ọjọ́ tó yẹ bá dé, ọ̀rọ̀ á ti wà lẹ́nu rẹ̀.

Kí orúkọ ibi ìtọ́jú àti nọ́ńbà ẹni tí ẹ máa pè níbẹ̀ wà nílẹ̀ ṣáájú. Ẹni tó sọ pé "Ó ti sú mi" lówùúrọ̀ lè má sọ ọ́ mọ́ lọ́sàn-án. Kí ẹ tó gbé e lọ síbikíbi, ẹ lọ wo ibẹ̀ fúnra yín. Ibi tí wọ́n bá ti ń de èèyàn mọ́lẹ̀ ní ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀, tí wọ́n ń nà wọ́n, tàbí tí wọn ò jẹ́ kí ẹbí wọlé, kì í ṣe ibi ìtọ́jú, orúkọ yòówù kí wọ́n kọ síwájú rẹ̀.

Bí ọ̀rọ̀ bá ti ń di lílù nínú ilé náà, ọ̀tọ̀ ni ohun tí ẹ máa ṣe. Kí ìyá ní àpò kan tí ìwé pàtàkì, aṣọ ọmọ àti owó ọkọ̀ wà nínú rẹ̀, kó sì wà nílé ẹlòmíràn. Ẹ jọ fẹnu kò lórí gbólóhùn kan tó lè sọ lórí fóònù tí ẹ fi máa mọ̀ pé kí ẹ wá lójú ẹsẹ̀. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ sọ fún un pé kó fara dà á.

Nígbà tó bá jẹ́ ìyá gan-an ló ń lo oògùn

Orí èyí ni mo ti lo ọjọ́ ayé mi. Aboyún tó ń lo oògùn máa ń sá fún ilé ìwòsàn, torí ó ń bẹ̀rù pé wọ́n á gba ọmọ lọ́wọ́ òun, ó sì ń bẹ̀rù ojú tí wọ́n máa fi wò ó. Bó bá sì sá, òun àti ọmọ inú rẹ̀ ló máa jìyà rẹ̀. Iṣẹ́ tí àdúgbò lè ṣe níbí ni pé kí wọ́n má jẹ́ kó dá lọ. Kí obìnrin kan tó ti bímọ rí máa bá a lọ sí gbogbo àyẹ̀wò, kó jókòó tì í, kó sì jẹ́ kó hàn sí àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ pé ó lẹ́nìkan. Mo ti wà ní ìhà kejì tábìlì yẹn, mo sì mọ̀ pé ọ̀tọ̀ ni bí wọ́n ṣe ń bá obìnrin tó dá nìkan wá sọ̀rọ̀.

Ẹ gbọ́ èyí dáadáa, torí ọ̀pọ̀ ẹbí ò mọ̀ ọ́n. Bó bá jẹ́ àwọn oògùn tí wọ́n ń pè ní opioid ló ń lò, bíi heroin, codeine, tramadol tàbí fentanyl, ẹ má sọ fún un pé kó já a lẹ́ẹ̀kan náà. Ó lè mú kí ọmọ inú rẹ̀ wà nínú ìnira, kó mú kó rọbí ṣáájú àkókò, ọ̀pọ̀ ló sì máa ń padà sídìí rẹ̀ pẹ̀lú ìwọ̀n tó lè pa wọ́n. Ìlànà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde lọ́dún 2014 ni pé kí wọ́n fún irú aboyún bẹ́ẹ̀ ní methadone tàbí buprenorphine lábẹ́ àbójútó dókítà. Àwọn èèyàn á sọ pé oògùn ni wọ́n fi pààrọ̀ oògùn. Ẹ má gbọ́ tiwọn. Ìtọ́jú ni, ó ń jẹ́ kí ara ìyá dúró sójú kan, kó lè jẹun, kó lè sùn, kó sì lè máa wá fún àyẹ̀wò. Bó bá jẹ́ ọtí tàbí oògùn amúnisùn bíi diazepam ló ti di bárakú, kó má ṣe dá a dúró fúnra rẹ̀ nílé. Gìrì lè mú un, ó sì lè pa á. Ọwọ́ dókítà ni kó ti dínkù díẹ̀díẹ̀.

Bí ọmọ bá dé, ó ṣeé ṣe kí ara rẹ̀ máa béèrè ohun tó ti mọ́ ọn lára nínú oyún. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ ló sábà máa ń hàn, ó sì lè pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ìdí nìyẹn tí ilé ìwòsàn kì í fi í tètè dá wọn sílẹ̀. Ẹkún rẹ̀ á máa han, ara rẹ̀ á máa gbọ̀n, kò ní lè mu ọmú dáadáa, á máa sín, ìgbẹ́ rẹ̀ á rọ̀. Ó ní ìtọ́jú, ó sì máa ń lọ. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pe ọmọ tuntun ní "ọmọ olóògùn."

Ìyá ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú ìtọ́jú náà. Yàrá tí iná rẹ̀ ò mọ́lẹ̀ jù, ariwo tó dínkù, kí ìyá gbé ọmọ lé igbáàyà kí awọ ara wọn kan ara wọn, kí wọ́n fi aṣọ wé e dáadáa, kí wọ́n máa fún un lóúnjẹ díẹ̀díẹ̀ léraléra. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní ilé ìwòsàn 26 ní Amẹ́ríkà, tó jáde lọ́dún 2023, fi hàn pé níbi tí wọ́n bá ti ń wo ohun mẹ́ta péré, bóyá ọmọ ń jẹun, bóyá ó ń sùn, bóyá ó ṣeé rẹ̀ lẹ́kún, ọmọ máa ń yẹ lẹ́ni tó lè lọ sílé ní nǹkan bí ọjọ́ 8, dípò nǹkan bí ọjọ́ 15. Ẹ wo iṣẹ́ tí àdúgbò lè ṣe níbẹ̀: ìyá tó ń gbé ọmọ mọ́ra tọ̀sán tòru ò lè dá a ṣe. Ẹ pín ara yín. Ẹnì kan á gbé ọmọ fún wákàtí méjì kí ìyá lè sùn, ẹlòmíràn á mú oúnjẹ wá, ẹlòmíràn á wà lọ́dọ̀ àwọn ọmọ tó kù nílé.

Ìyá tó bá wà lórí methadone tàbí buprenorphine, tí kò sì lo nǹkan mìíràn mọ́, lè fún ọmọ lọ́mú bí dókítà rẹ̀ ò bá rí ìdí mìíràn tí kò fi yẹ. Bó bá ṣì ń lo oògùn ìgboro, kó má fún un. Ọmọ ò gbọ́dọ̀ sùn lórí bẹ́ẹ̀dì kan náà tàbí àga tìmùtìmù pẹ̀lú àgbàlagbà tó mu ọtí tàbí oògùn tó ń múni sùn. Kí ó ní ibùsùn tirẹ̀, kí wọ́n sì fi ẹ̀yìn rẹ̀ lélẹ̀.

Àṣìṣe tí ọ̀pọ̀ alábàárò ń ṣe ni pé wọn kì í pẹ́ tó. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, gbogbo èèyàn á ti padà sílé wọn. Ìwádìí kan láti ìpínlẹ̀ Massachusetts, tó jáde lọ́dún 2018, rí i pé láàárín oṣù keje sí ìkejìlá lẹ́yìn ìbímọ ni àmujù oògùn pọ̀ jù láàárín àwọn ìyá tí opioid ti di bárakú fún. Ẹ kọ àbẹ̀wò yín sílẹ̀ títí tí ọmọ fi máa pé ọdún kan, kí ẹ sì mú kó pọ̀ sí i ní ìdajì kejì ọdún yẹn.

Àwọn ọmọ inú ilé

Wọ́n mọ̀. Bí ẹ ò bá tiẹ̀ sọ fún wọn, wọ́n mọ̀ pé nǹkan kan ń ṣẹlẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn sì rò pé àwọn làwọn fà á. Ẹ sọ òótọ́ tó mọ níwọ̀n ọjọ́ orí wọn: "Ara Màmá ò yá. Ohun tó ń lò ló fà á, ó sì ṣòro fún un láti dá a dúró. Kì í ṣe ìwọ lo fà á, ìwọ kọ́ lo máa wò ó sàn, o sì lè bá mi sọ̀rọ̀ nígbàkigbà." Kí ọmọ tó bá ti lè ka nọ́ńbà mọ nọ́ńbà àgbàlagbà kan sórí. Kó mọ ilé tó lè lọ. Kó mọ̀ pé bí òun bá jí Màmá tí kò jí, kí òun pe èèyàn, pé kò sẹ́ni tó máa bínú sí òun.

Oògùn èyíkéyìí tó bá wà nílé, títí kan èyí tí dókítà kọ, inú àpótí tó ní kọ́kọ́rọ́ ni kó máa gbé. Ìwọ̀n methadone tí àgbàlagbà ń lò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lè pa ọmọ kékeré.

Àwọn ìyá àgbà tó ń tọ́ ọmọ ọmọ wọn nílò ìwé ju ìmọ̀ràn lọ. Ẹ bá wọn wá ìwé àṣẹ tó máa jẹ́ kí wọ́n lè buwọ́ lùwé fún ọmọ náà nílé ìwé àti nílé ìwòsàn, kí ọ̀rọ̀ pàjáwìrì tó dé.

Bí ẹnì kan bá dákú

Gbogbo ẹni tó ń gbé nílé náà ló yẹ kó mọ èyí. Bí ẹ bá pè é tí kò dáhùn, tí èémí rẹ̀ ń falẹ̀ tàbí tó ti dúró, tí ó ń hanrun bí ẹni tí omi há sí lọ́nà ọ̀fun, tí ihò dúdú àárín ojú rẹ̀ kéré bí orí abẹ́rẹ́, tí ètè àti èékánná rẹ̀ ń di eérú tàbí àwọ̀ búlúù, àmujù opioid ló ṣeé ṣe kó jẹ́. Ẹ pariwo orúkọ rẹ̀, ẹ fi oríkèé ìka yín ra egungun àárín àyà rẹ̀ líle. Bí kò bá jí, ẹ pe àwọn onípàjáwìrì. Ẹ fún un ní naloxone, oògùn tó ń dá agbára opioid dúró lára, bí ẹ bá ní in: èyí tí wọ́n ń fín sí imú rọrùn, ihò imú kan ṣoṣo. Ẹ gbé àgbọ̀n rẹ̀ sókè, ẹ di imú rẹ̀, kí ẹ máa fẹ́ èémí sí i lẹ́nu lẹ́ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún márùn-ún. Bí kò bá sí ìyàtọ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú méjì sí mẹ́ta, ẹ tún fún un. Bó bá ti ń mí, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, ẹ má sì kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀, nítorí pé naloxone kì í ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 30 sí 90 lọ lára, oògùn tó lò lè pẹ́ jù ú lọ.

Ẹ má rọ omi, òróró tàbí mílíìkì sí i lẹ́nu. Ẹ má gbé e sínú omi tútù. Naloxone ò lè ṣe ẹni tí kò lo opioid níbi, nítorí náà bí ẹ ò bá dá a lójú, ẹ lò ó. Láti ọdún 2014 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ní kó máa wà lọ́wọ́ ẹbí àti ọ̀rẹ́ tó lè wà níbẹ̀ nígbà tó bá ṣẹlẹ̀. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ilé ìwòsàn tàbí àwọn tó ń ta oògùn òyìnbó nítòsí yín bí ẹ ṣe lè rí i.

Lẹ́yìn ìtọ́jú

Ẹbí máa ń yọ̀ lọ́jọ́ tí ẹni tó ń lo oògùn bá dé láti ibi ìtọ́jú tàbí láti ọgbà ẹ̀wọ̀n, ẹ sì jẹ́ kí wọ́n yọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ yẹn léwu jù. Ara rẹ̀ ò gba ìwọ̀n tó ń lò tẹ́lẹ̀ mọ́, bó bá sì padà lo ìwọ̀n yẹn, ó lè pa á. Ẹ sọ ọ́ fún un lójú rẹ̀, ẹ má bò ó. Kí naloxone wà nílé, kí ẹnì kan sì wà tó lè pè lóru láìbẹ̀rù èébú. NIDA, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń ṣèwádìí nípa oògùn olóró, kọ ọ́ pé nínú ọgọ́rùn-ún èèyàn tó gba ìtọ́jú, láàárín 40 sí 60 ló máa ń padà lò ó nígbà kan, èyí ò sì pọ̀ ju bí àìsàn ẹ̀jẹ̀ ríru ṣe ń padà sára àwọn tó ní in. Bó bá padà lò ó, kì í ṣe pé ìtọ́jú ò ṣiṣẹ́. Ẹ gbé e padà lọ, kí wọ́n tún ìtọ́jú rẹ̀ ṣe.

Àwọn kan máa kú. Èèyàn á kún ilé ìyá náà lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, àwọn mìíràn ò ní wá rárá nítorí irú ikú tó jẹ́. Ẹ̀yin, ẹ máa lọ lẹ́yìn tí gbogbo wọn bá ti lọ tán. Ẹ máa dárúkọ ọmọ náà fún un, ẹ má ṣe bí ẹni pé kò sí rí. Àyè rẹ̀ nínú ìpàdé ṣì jẹ́ tirẹ̀ bó bá fẹ́ ẹ, bó bá sì fẹ́ darí ìjókòó lọ́jọ́ kan, ẹ fún un.

Ní ti ẹ̀yin tí ẹ máa ṣe iṣẹ́ yìí, ẹ má dá a ṣe. Kí ẹni méjì máa darí pọ̀, kí ọ̀kan lè sinmi nígbà tí èkejì bá ń ṣiṣẹ́. Kí ìwé tí orúkọ dókítà, ibi ìtọ́jú àti nọ́ńbà wà nínú rẹ̀ wà lọ́wọ́ àwọn méjèèjì, kí ẹ sì máa pe àwọn nọ́ńbà náà wò lóṣooṣù, torí wọ́n máa ń yí padà.